Ọkọ̀ Tíà-Rọ́bà Olówó Pọ́ọ́kú: S-Presso, Starlet àti Picanto Lórí Òṣùwọ̀n

Iṣẹ́ ọnà ìyọkúrò ni ọkọ̀ tuntun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ olówó ńlá lè máa fi nǹkan kún un títí ilẹ̀ á fi ṣú, oníbàárà ni yóò sanwó rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe èyí tí tíṣà àti nọ́ọ̀sì máa rà, ohun tí yóò yọ ló ń rò láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nígbà tí Osamu Suzuki, tó di ààrẹ ilé-iṣẹ́ Suzuki ní 1978, gbé Alto jáde nílẹ̀ Jàpáànù lọ́dún tó tẹ̀lé e, yẹ́ẹ̀nì 470,000 péré ló dá lé e. Orúkọ ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi tà á, torí pé owó-orí tí ìjọba ibẹ̀ ń gbà lórí ọkọ̀ akérò kò kan ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ há, owó-orí sì fò ó dá. Bàbá náà kú ní oṣù Kejìlá 2024 lẹ́ni ọdún 94, ṣùgbọ́n irú ọgbọ́n yẹn ṣì ń gba orí afárá Third Mainland kọjá lójoojúmọ́ nínú S-Presso, ọkọ̀ kékeré tí àwọn awakọ̀ tí à ń fi fóònù pè ti sọ di ará ilé l'Ékòó.

Mẹ́ta ni mo gbé sórí òṣùwọ̀n: Suzuki S-Presso, Toyota Starlet àti Kia Picanto. Mo mọ̀ pé Hyundai Grand i10 wà, mo sì mọ̀ pé àwọn ará Ṣáínà ti kó tiwọn dé. Àwọn yẹn á ní ọjọ́ tiwọn. Ìbéèrè kan náà ni mo bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: kí ni wọ́n yọ nínú rẹ, orí ta sì ni ohun tí wọ́n yọ náà já lé? Kò sí ọkọ̀ owó pọ́ọ́kú tí wọn kò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní tòun pé pérépéré, ọjà ló ń tà.

Kì í ṣe òní ni ọkọ̀ kékeré tuntun kọ́kọ́ wọ ilé òṣìṣẹ́ nílẹ̀ wa. Ọdún 1975, ọdún tí owó Udoji, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde, ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Tíṣà tó bá yáwó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìjọba lè gbé Volkswagen Ìjàpá tuntun wọ àdúgbò, kí àwọn ọmọ máa sá tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ Igala tí wọ́n tún ń tò ní Ọ̀jọ́, láti ara Brasília tí Volkswagen ń ṣe ní Bràsíìlì ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé ní 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ọkọ̀ tuntun kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tòkunbọ̀ sì gba ipò rẹ̀. Ìjọba tún gbé ètò ọkọ̀ títò kalẹ̀ ní 2013, tí owó ibodè àti owó lé-lórí tó ń bẹ lórí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá kó wọlé fi di 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí a máa to ọkọ̀ nílé. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ni pé wọ́n gba Kútọnu kó ọkọ̀ wọlé.

Ẹnìkan á ní kí la tiẹ̀ ń dààmú sí. Owó S-Presso tuntun á ra Corolla tòkunbọ̀ tó fẹ̀, tí AC rẹ̀ tutù, tí àna ẹni á rí tí á sì pè é lọ́kọ̀. Òótọ́ ni, n kò sì ní fi ẹ̀tàn bò ó. Ṣùgbọ́n ìtàn Corolla yẹn wà lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Ohun tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ni èyí tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti kùn. A kò mọ̀ bóyá omi ti bò ó rí. A kò mọ̀ bóyá àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani lọ́wọ́ ikú ti bẹ́ nígbà kan tí wọ́n sì fi ìdérí lásán dí ojú rẹ̀. Nọ́ńbà máìlì tó wà nínú aago rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa fà á sẹ́yìn lọ.

Epo tún wà níbẹ̀. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦900, tí èèyàn sì ń rin kìlómítà 1,500 lóṣù. Corolla tó ti dàgbà lè mu lítà 9 lórí kìlómítà 100 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìyẹn lítà 135 lóṣù. S-Presso, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi lítà 5 ló ń mu, ẹ jẹ́ ká fún un ní 6 nítorí ojú ọ̀nà wa. Lítà 90 nìyẹn. Lítà 45 tó wà láàárín wọn jẹ́ ₦40,500 lóṣù, ₦486,000 lọ́dún. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba náà ṣe ìyọkúrò tirẹ̀ lórí owó ìrànwọ́ epo, tí lítà kan kò tíì tó ₦200, ìṣirò yìí kì bá tó ₦9,000 lóṣù, ta ni ì bá sì torí ìyẹn fún ara rẹ̀ pọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré? Epo ló gbé ọkọ̀ oní-sìlíńdà mẹ́ta wá sójú agbo.

Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án 2019 ni Maruti Suzuki fi S-Presso han ní Íńdíà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3.565, ìbú rẹ̀ mítà 1.52. Corolla 2005 tó kún títì wa fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18 fẹ̀ jù ú lọ. Èèyàn mẹ́ta tó máa jókòó sẹ́yìn S-Presso gbọ́dọ̀ ti bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ga, ó sì dúró ṣánṣán. Mìlímítà 180 ló wà láàárín ikùn rẹ̀ àti ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gun kòtò tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń ká ẹsẹ̀ fún. Láti òkèèrè ó dà bíi jíìpù tí wọn kò tíì jẹ́ kó dàgbà tán. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín, n kò bá wọn rẹ́rìn-ín: ẹni tó mọ ọ̀nà Ìkòròdú lásìkò òjò mọ iye tí gíga yẹn tó.

Inú rẹ̀ ni ìyọkúrò ti di ọgbọ́n. Iwájú awakọ̀, lẹ́yìn sítíárìn, kò sí aago kankan. Àárín gbùngbùn dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé e lọ, sínú òbìrípo ńlá kan tó gba aago eré, rédíò àti bọ́tìnnì fèrèsé mọ́ra. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wà á á máa wo iwájú, á tún máa fi ojú ẹ̀gbẹ́ wá iye eré tó ń sá. Bí èmi ṣe ka iṣẹ́ náà rèé: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn ń wà ní Íńdíà, ọwọ́ òsì ló ń wà lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì. Aago tó bá wà láàárín kò bìkítà ibi tí sítíárìn wà. Ọ̀kan náà ló ń sin orílẹ̀-èdè méjèèjì, kò sí pé à ń pààrọ̀ rẹ̀ láti ìhà kan sí ìkejì. Bọ́tìnnì fèrèsé tó wà láàárín, awakọ̀ àti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jọ ń lò ó, wáyà tó lọ sídìí rẹ̀ kò sì gùn. Owó tí wọ́n ṣún níbẹ̀ kò já lé orí ẹnikẹ́ni. Ojú nìkan ni yóò kọ́ ibi tí yóò máa wò, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti mọ̀ ọ́n.

Ìyókù kò fara sin. Ike líle ni dáṣíbọ́ọ̀dù, kò díbọ́n pé awọ lòun. Ìrọrí ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ àga, kò ṣeé gbé sókè. Ìlẹ̀kùn fẹ́lẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹ bá pa á dé. Ẹ́ńjìnì oní-sìlíńdà mẹ́ta tó jẹ́ 998 cc ní agbára ẹṣin bíi 67, èyí tí ì bá kéré fún ọkọ̀ mìíràn, àmọ́ ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù 800 kò béèrè púpọ̀. Nínú ìlú, ó yá. Ẹ kó èèyàn mẹ́rin sínú rẹ̀, ẹ tan AC, kẹ́ ẹ wá dojú kọ òkè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ẹ ó rí i pé AC àti òkè ń du agbára kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Táńkì epo rẹ̀ kò gbà ju lítà 27, èyí tó túmọ̀ sí pé ilé epo á tètè dá yín mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní bá owó ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Gíà méjì ló wà: aláfọwọ́fà onípele márùn-ún, àti èyí tí wọ́n ń pè ní AGS. Gíà aláfọwọ́fà kan náà ni AGS, àfi pé ẹ̀rọ ló ń bá awakọ̀ tẹ kíláàṣì. Láàárín gíà kan sí ìkejì ó máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, kó tó tún tẹ̀ síwájú. Nínú ìrìn kó-dúró-kó-lọ ti Ọ̀jọ́ọ̀ta, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn á sú èèyàn. Ohun tó tún burú ni pé mẹkáníìkì tó bá wà lábẹ́ igi máńgòrò mọ kíláàṣì í pààrọ̀ lójú oorun, kò sì mọ ohun tí ń tẹ kíláàṣì fún AGS. Bí ẹ bá máa ra S-Presso, aláfọwọ́fà ni kẹ́ ẹ rà.

Èyí tó mú kí ọkọ̀ yìí pọ̀ l'Ékòó ni Moove, ilé-iṣẹ́ tí Ladi Delano àti Jide Odunsi dá sílẹ̀ ní 2020, tó ń gbé ọkọ̀ tuntun fún awakọ̀ Uber tí wọ́n á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn. Àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀ kò kéré: mẹkáníìkì ti mọ̀ ọ́n, páàtì rẹ̀ ti dé ọjà Ládípọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú kábúkábú ni wọ́n fi ń wò ó. Ẹ páàkì sẹ́nu ọ̀nà ibi ìgbéyàwó, ẹnìkan á wọlé sẹ́yìn, á ní kẹ́ ẹ gbé òun lọ sí Ìkẹjà.

Ibi tí mo ti bá a jà gan-an kò sí nínú gbogbo èyí. Ní oṣù Kọkànlá 2020, Global NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, mú S-Presso tí wọ́n ń tà ní Íńdíà nígbà náà, wọ́n fi eré kìlómítà 64 láàárín wákàtí kan gbá a mọ́ ìdínà. Àpò afẹ́fẹ́ awakọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ tó gbà fún ààbò àgbàlagbà: òdo. Wọ́n ní ara ọkọ̀ náà kò dúró gírí. Ní 2022 wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń tà ní Gúúsù Áfíríkà yẹ̀ wò, èyí tó ní àpò afẹ́fẹ́ méjì níwájú àti bẹ́líìtì tó ń fún ara rẹ̀ mọ́ àyà èèyàn nígbà tí ìjàǹbá bá dé. Ìràwọ̀ mẹ́ta ló gbà. Orúkọ kan náà, ojú kan náà, òbìrípo kan náà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Aago tí wọ́n gbé sáàárín, owó ilé-iṣẹ́ ló dín. Àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n yọ, àyà ẹni tó jókòó ló dín. Ìyọkúrò méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ọ́n yọ dáadáa tó báyìí kò yẹ kó da méjèèjì sínú agbọ̀n kan. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè àwọ̀ tó wà, ẹ béèrè iye àpò afẹ́fẹ́. Ẹ wo iwájú àga ẹni ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ bóyá wọ́n kọ SRS, àmì àpò afẹ́fẹ́, síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dìde.

Bó tiẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tó ga tí kò sì fẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bá tírélà du ọ̀nà láàárín Ṣàgámù àti Ìbàdàn. Ọkọ̀ ìlú ni. Nínú ìlú, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Starlet, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìlọ́po. Orúkọ náà kì í ṣe tuntun: 1973 ni Toyota ti kọ́kọ́ lò ó, ó sì fi í sílẹ̀ ní 1999. Àwọn tó lo ti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àárọ̀. Nígbà tí orúkọ náà padà dé ní Gúúsù Áfíríkà ní oṣù Kẹsàn-án 2020, kì í ṣe Toyota ló ṣe ohun tí wọ́n fi orúkọ sí lára. Suzuki Baleno ni, láti Gujarat ní Íńdíà, tí wọ́n pààrọ̀ àmì iwájú rẹ̀. Ní Íńdíà fúnra rẹ̀ wọ́n ti ń tà á láti 2019, Glanza ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Láti ẹ́ńjìnì dórí ọwọ́ ìlẹ̀kùn, iṣẹ́ Suzuki ni. Ìdílé kan náà tiẹ̀ ni gbogbo wọn: CFAO tó ń ta Suzuki ní Nàìjíríà wà lábẹ́ Toyota Tsusho.

Ṣé ẹ̀tàn ni? Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ lówó lórí nílẹ̀ wa. Olóyè Michael Ade Ojo, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, tó dá Elizade sílẹ̀ ní 1971, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbin Toyota sí wa lọ́kàn, dé ibi pé ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà á ní Toyota lòun máa rà. Ẹni tó bá máa ta ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àmì yẹn á dá owó padà fún un. Ẹni tó bá máa lò ó títí ìdí rẹ̀ á fi jò, tó sì rí Baleno ní owó tó rẹlẹ̀, Baleno ni kó gbé, kó fi ìyókù ra táyà.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú Starlet ni ìtàn gígùn rẹ̀. Mítà 3.99 ni. Kí ló dé tí kò pé mẹ́rin? Owó-orí ni, gẹ́gẹ́ bíi ti Alto àtijọ́. Íńdíà ń gba owó-orí tó rọjú lórí ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò dé mítà mẹ́rin, bí ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù rẹ̀ kò bá ju 1,200 cc. Wọ́n gé ọkọ̀ síbi tí òfin parí sí. Ṣùgbọ́n òfin Íńdíà kò dé Áfíríkà, nítorí náà èyí tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí wa kò gba ẹ́ńjìnì 1.2 tí wọ́n ń lò nílé. K15B ni wọ́n fi sí i, 1,462 cc, sìlíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin 103. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ pé kí ohun tí wọ́n kó wá bá wa dára ju ti ilé onílé lọ. Ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnì yẹn, ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kò ní fi í ṣẹ̀sín. Ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú Jimny àti Ertiga ti Suzuki, kò sì ní í ṣòro fún àwọn tó ń ta páàtì láti kó o sí ìsọ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gba àgbàlagbà méjì láìsí pé orókún ń bá àga jà, búùtù rẹ̀ gba nǹkan bíi lítà 314: báàgì ìrẹsì méjì, jẹ́rígáǹnù epo pupa, àti iṣu tí màmá ní ẹ gbọ́dọ̀ gbé lọ, wọ́n á wọlé. Èyí tó ní gíà aládàáṣe, ìpele mẹ́rin péré ló ní. Lóde òní tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lo mẹ́fà, ìyọkúrò nìyẹn náà, ẹ ó sì gbọ́ igbe ẹ́ńjìnì bí ẹ bá wọ ọ̀nà márosẹ̀. Ṣùgbọ́n aládàáṣe gidi ni, kì í ṣe AGS. Irú rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì wa. Mo gbà fún un.

Ìyọkúrò Starlet tó léwu, inú ìpele ọjà ló sápamọ́ sí. Èyí tó rẹlẹ̀ jù lè ní àpò afẹ́fẹ́ méjì, kí èyí tó ga jù ní mẹ́fà. Àwòrán tí wọ́n ń gbé káàkiri, èyí tó ga jù ni. Ní 2021, Latin NCAP fún Baleno ìgbà yẹn, alápò afẹ́fẹ́ méjì, ní òdo. Ọkọ̀ tí wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe ní 2022 ló wà lọ́jà báyìí, kò sì tọ́ ká fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n jẹ àbúrò níyà. Àmọ́ èyí fi hàn pé orúkọ Toyota kò fi irin kún ara ọkọ̀. Starlet 2020 àti 2021 tí ẹ bá rí níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ara Baleno àtijọ́ ló gbé wọ̀.

Picanto kò ní gba àkókò. Èyí tó wà báyìí ti wà láti 2017, wọ́n ti tún ojú rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló lẹ́wà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni wọ́n rán inú rẹ̀ dáadáa jù. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń dún bí ìlẹ̀kùn. Sítíárìn rẹ̀ rọ̀, a sì lè fi í wọ ibi tí ọlọ́kadà á ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará Kòríà kò yọ nǹkan kúrò níbi tí ojú ń rí. Ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ ni àyè: gígùn rẹ̀ mítà 3.595, búùtù rẹ̀ lítà 255, ó sì súnmọ́lẹ̀ ju S-Presso lọ dáadáa. Ẹni tó ń gbé ibi tí títì rẹ̀ ti dán, tí kò gbé ju ara rẹ̀ àti ọmọ kan lọ, á gbádùn rẹ̀. Ẹ́ńjìnì 1.2 ni kó mú, kì í ṣe 1.0, torí agbára ẹṣin 66 lára ọkọ̀ tó wúwo ju S-Presso lọ kò ní ìtumọ̀. Ní ti ààbò, Euro NCAP tó máa ń le ju àwọn yòókù lọ fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta ní 2017, mẹ́rin fún èyí tí wọ́n fi irinṣẹ́ ààbò kún. Kò burú rárá fún ọkọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù kọ́ ni ohun tó dandan kí ó wà nínú ilé-ìtajà ní Èkó. Ẹ tún ka iye àpò afẹ́fẹ́ níbẹ̀ náà. Páàtì Kia wà, ṣùgbọ́n nínú ìsọ̀ tí Toyota ti ní mẹ́wàá, Kia lè ní ẹyọ kan, onísọ̀ náà sì mọ̀ pé òun nìkan ló ní in.

A ti ń sọ fún ara wa pé bí a gúnyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Mo gbà, àfi pé ẹni tó yá èèpo ẹ̀pà pẹ̀lú èlé kò lè yó. Ìbéèrè owó yìí ló ń da ìdájọ́ gbogbo rú. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé owó tó bá yá yín lówó ọkọ̀ á gbé tirẹ̀ lé e lórí. Ẹ jẹ́ ká lo 30. Ẹni tó bá yá ₦10 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin á máa san nǹkan bíi ₦360,000 lóṣooṣù, àpapọ̀ rẹ̀ á sì tó ₦17.3 mílíọ̀nù. ₦486,000 tí a ní ọkọ̀ kékeré ń bá wa fi pamọ́ lọ́dún kò lè rí ojú irú èlé bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá san owó tó kẹ́yìn, ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́rin lẹ ti fi owó tó ju ti ọkọ̀ tuntun kan àti ààbọ̀ lọ rà.

Nítorí náà, Starlet ni ààyò mi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n fún ẹni tí owó rẹ̀ pé lọ́wọ́ ni: aláfọwọ́fà tàbí aládàáṣe, èyí tó bá wù ú, kó ṣáà ti wá ìpele tó ní àpò afẹ́fẹ́ mẹ́fà, kódà bó bá ní láti fi rímù aláwọ̀ fàdákà àti rédíò aláwòrán sílẹ̀. Bí ìdajì owó yẹn bá jẹ́ ti báǹkì, kó fi Starlet sílẹ̀. Kó ra S-Presso aláfọwọ́fà, alápò afẹ́fẹ́ méjì, kó san án tán lójú ẹsẹ̀, kó máa fi rìn láàárín ìlú. Bó bá di pé ó fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí n'Íbàdàn, reluwéè wà ní Èbúté-Mẹ́ta.